Ẹlẹ́rìí Kẹta fún Orúkọ Àpáta

Ó ti jáde nílé Raonaid aládùúgbò mi, níbi tó ti lọ gba ìbuwọ́lùwé. Mo ń wò ó lójú fèrèsé — sọ́jà ayàwòrán-ilẹ̀, ìwé rẹ̀ lábẹ́ apá, ó ń rọra tẹ ẹrẹ̀ bí ẹni tó yá bàtà wọ̀. Bó bá yà sápá òkè, ó di ọ̀la nìyẹn. Bó bá yà síbí… kí ni mo fẹ́ sọ fún un?

Sgeir nan Sgarbh. Ohun tí mo fẹ́ sọ nìyẹn. Àpáta àwọn ẹyẹ dúdú tí ń sá ìyẹ́ wọn sóòrùn. Bẹ́ẹ̀ ni bàbá mi ṣe ń pè é, bẹ́ẹ̀ ni bàbá tó bí i ṣe ń pè é. Ta ló ní kí wọ́n fi orúkọ ọmọ mi sọ òkúta?

“Ìyá, ẹni mẹ́ta ni ìwé yìí ń fẹ́.” Ohun tó wí láàárọ̀ nìyẹn, tí èdè wa ń tiro lẹ́nu rẹ̀. “Méjì, Raonaid àti Teàrlach, ti sọ pé Sgeir Fhearchair ló ń jẹ́, àpáta Fearchar. Ilé yín ló kọjú sí i. Bí ẹ bá ti sọ bẹ́ẹ̀, ó parí.” Ó parí. Wọn á tẹ̀ ẹ́ sínú ìwé, àwọn ọmọ tí a ò tíì bí á máa béèrè, wọn á sì máa dá wọn lóhùn — ibẹ̀ ni Fearchar fọ́ ọkọ̀ ojú omi sí, tó fi pa ọkùnrin márùn-ún. Òun fúnra rẹ̀ ṣìkẹfà. Ẹni yẹn, wọn ò ní í kà á.

Mi ò bínú sí Raonaid… Irọ́ ni. Mo bínú sí i. Ọkọ rẹ̀ wà lára àwọn márùn-ún náà, mo mọ̀. Ṣùgbọ́n ọdún mẹ́ta rèé tí ọkọ̀ náà ti fọ́! Bí mo bá dé etí kànga, wọn á yí ọ̀rọ̀ sí ti ọ̀dùnkún. Kò sẹ́ni tó ń pè mí ní Ìyá Fearchar mọ́. Àṣé lẹ́yìn mi ni orúkọ náà ń di ti òkúta. Teàrlach, alàgbà ìjọ, tún wá ń ṣìpẹ̀: “A ò fi ṣèkà, arábìnrin. Ká lè máa ṣọ́ra níbẹ̀ ni.” Ọmọ mi ti di ohun tí wọ́n ń ṣọ́ra fún.

Nígbà tí sọ́jà yẹn pe orúkọ náà, àyà mi já. Mo rò pé ìbínú ni. Ó ti pẹ́ tí mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu èèyàn… mo fẹ́ kó tún un pè. Kí ló wá dé tí mo tún fẹ́ kó pa á rẹ́?

Nítorí orúkọ rere. Nítorí Fearchar kì í ṣe òpè. Ó mọ̀ pé ọ̀nà ẹ̀bùrú, láàárín àpáta àti ilẹ̀, kì í gba ọkọ̀ kí omi tó kún. Ó mọ̀ ọ́n. Ó tiẹ̀ sọ ọ́ —

Rárá. Iná ń kú. Kí n sọ ìṣù ilẹ̀ gbígbẹ kan tí a fi ń dáná níbí sí i ná.

Ó ti yà síbí.

Ó sọ ọ́. Létí òkun, lójú àwọn márààrùn-ún. “Ìyá mi, ẹ jẹ́ ká dúró kí omi kún díẹ̀.” Ẹja ṣáwá ti wọlé, ọkọ̀ abúlé kejì ti lọ, èmi sì fọwọ́ lérán… Mo ní — mo ní, “Bàbá rẹ kì í dúró. Àbí ẹ̀rù ń bà ọ́ ni?” Àwọn ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín. Raonaid wà níbẹ̀, ó gbé apẹ̀rẹ̀ dání. Ó gbọ́.

Ó gbọ́, kò sì sọ fún ẹnì kan. Ìwé wà níwájú rẹ̀ lónìí, ì bá ti ní àpáta ìyá Fearchar ni; kò sọ bẹ́ẹ̀. Mo ti rò pé ẹ̀gàn ló ń fi dákẹ́ sí mi.

Kì í ṣe ìtìjú ọmọ mi ni mo fẹ́ kí wọ́n yọ kúrò nínú ìwé yẹn. Tèmi ni.

Ó ń kan ilẹ̀kùn.