Àárín Ìka

Ẹ kọ́kọ́ wo ọwọ́ òsì mi dáadáa. Ìka méjì ibẹ̀ lẹ̀ pọ̀ mọ́ra. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe bí mi ní Ọ̀yọ́, bẹ́ẹ̀ náà ni mo wà. Àwọn ọmọ iléèwé ń pè mí ní Mùjídàt Ẹlẹ́sẹ̀ Pẹ́pẹ́yẹ, mo sì ń lù wọ́n. Ìyẹn ò dùn mí. Èyí tó ń dùn mí ni Àǹtí Hajarat, ẹ̀gbọ́n bàbá mi, tó ń sọ káàkiri pé ìyá mi ló fà á, pé ó jẹ ẹran pẹ́pẹ́yẹ nígbà tó lóyún mi. Ìyá mi, aránṣọ tí ẹnu wọn mú bí abẹ sí gbogbo ayé, kì í fèsì ìyẹn. Wọ́n á kàn doríkodò, wọ́n á máa ránṣọ wọn lọ.

Nígbà tó wá kan iṣẹ́ àṣekágbá ní yunifásítì l'Ógbómọ̀ṣọ́, Dókítà Ọládépò, olùkọ́ mi, ní kí n mú ohun tó bá wù mí. Mo ní ẹsẹ̀ adìẹ àti ẹsẹ̀ pẹ́pẹ́yẹ ni mo fẹ́. Wọ́n rẹ́rìn-ín. Èmi ò rẹ́rìn-ín.

Ohun tí mo kà rèé: nígbà tí ọmọ ṣì wà nínú ẹyin, ìka rẹ̀ ò tíì là. Nígbà tó bá yá, àwọn sẹ́ẹ̀lì tó wà láàárín ìka adìẹ á pa ara wọn, láìsí àìsàn, láìsí ọgbẹ́. Iṣẹ́ tí a rán wọn ni, bẹ́ẹ̀ náà ló sì rí fún ọmọ èèyàn nínú oyún. Ti pẹ́pẹ́yẹ kì í fi bẹ́ẹ̀ kú, ìdí nìyẹn tí awọ fi wà láàárín ìka rẹ̀. Sẹ́ẹ̀lì tó bá fẹ́ pa ara rẹ̀, púrótéènì kan á jí nínú rẹ̀. A ní oògùn tó máa ń wá púrótéènì yẹn kàn, tó sì máa ń lẹ̀ mọ́ ọn. Tí a bá wá da àwọ̀ lé e, ibẹ̀ á di búráùn, ìyókù á wà ní búlúù.

Mo ra ẹyin pẹ́pẹ́yẹ ní Ìrẹsà, mo gbé e sórí itan lórí ọ̀kadà bí ẹni gbé ọmọ tuntun. Òun àti ti adìẹ jọ wọ inú ẹ̀rọ tó ń sàba. Nígbà tó tó àsìkò, mo gé ẹsẹ̀ ọmọ inú wọn fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, mo tò ó sórí síláìdì onígíláàsì, mo fi oògùn yẹn sí i, mo da àwọ̀ lé e.

Ni gbogbo ẹ̀ bá di búráùn! Adìẹ, búráùn. Pẹ́pẹ́yẹ, búráùn. Kódà èyí tí mi ò fi oògùn yẹn sí rárá, tí mo fi ń dán iṣẹ́ mi wò, búráùn ni. Ṣùbòmí, tí a jọ ń gbé ní Under G, àdúgbò àwọn akẹ́kọ̀ọ́, ní, "Ṣebí àárín ìka adìẹ náà di búráùn? Ya fọ́tò ìyẹn, kó o gbàgbé ìyókù jàre."

Inú bí mi. "Irọ́ ni wọ́n fi ń ba ìyá mi lórúkọ jẹ́. Ṣé irọ́ náà ni kí n fi gbèjà wọn?"

Ẹ̀jẹ̀ inú ẹsẹ̀ wọn ló dá wàhálà sílẹ̀. Ó ní èròjà tirẹ̀ tó lè sọ àwọ̀ di búráùn, omi tí wọ́n fi ń fọ egbò la sì fi máa ń pa agbára rẹ̀. Èmi oníwàdùwàdù ti fo ìyẹn. Mo tún gbogbo rẹ̀ ṣe. Lọ́tẹ̀ yìí, mo wo inú maikiroskóòpù, mo pariwo. Búráùn tò sáàárín ìka adìẹ. Ti pẹ́pẹ́yẹ wà ní búlúù. Èyí tí kò ní oògùn, búlúù pátápátá. Dókítà Ọládépò wò ó títí, wọ́n bọ̀ mí lọ́wọ́, wọ́n ní, "Mùjídàt, iṣẹ́ rẹ mọ́." Háà, orí mi wú!

Mo ránṣẹ́ pe ìyá mi. Wọ́n wọkọ̀ wá láti Ọ̀yọ́, wọ́n múra bí ẹni ń lọ kírun Yídì. Mo fi wọ́n jókòó sídìí maikiroskóòpù, mo ní àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ń kú ló di búráùn.

"Ta ló pa àwọn tó di búráùn yìí?"

"Ara wọn ni, màámi. Kí ìka lè là ni."

"Bí mo ṣe ń gé àárín aṣọ kó tó di ṣòkòtò." Wọ́n tún wò ó. "Tí wọn ò bá wá kú ńkọ́?"

Mo na ọwọ́ òsì mi sí wọn. "Síláìdì yìí ò mọ ohun tí ẹ jẹ o, mi ò ní purọ́. Àmọ́ irú ibi tí nǹkan ti ṣẹlẹ̀ rèé. Inú ara mi ni, kì í ṣe inú ìkòkò ọbẹ̀ yín."

Wọ́n di ìka méjèèjì náà mú. "Mi ò jẹ pẹ́pẹ́yẹ rí láyé mi," ni wọ́n wí. Mi ò gbọ́ ọ lẹ́nu wọn rí.

Wọ́n fa fóònù yọ, wọ́n pe Àǹtí Hajarat. "Ẹ kú ọ̀sán o, Àǹtí. Iléèwé ọmọ yín ni mo wà. Iṣẹ́ tó ṣe ti mú orí mi wú. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dáhùn ìbéèrè kan: pẹ́pẹ́yẹ wo ni ìyá pẹ́pẹ́yẹ jẹ, tí ẹsẹ̀ gbogbo ọmọ rẹ̀ fi rí bẹ́ẹ̀?"

Màámi dúró de èsì, ojú wọn ò wolẹ̀, wọn ò sì fi ìka mi sílẹ̀.