Ìkúnlẹ̀ Ẹnubodè Odò

Kí ayé tó gbó tó báyìí, ìlú kan wà lórí òkè tí wọ́n ń pè ní Òkìtì. Ẹranko ló tẹ̀ ẹ́ dó, ẹranko ló ń jọba níbẹ̀, ètò ibẹ̀ sì gún ju ti ilé oyin lọ. Ẹfọ̀n ni ọba. Òòrẹ̀ ni olùtọ́jú òfin, nítorí ẹni tó bá fẹ́ fọwọ́ kan ohun tí Òòrẹ̀ ń tọ́jú ní láti kọ́kọ́ ro ti àtẹ́lẹwọ́ ara rẹ̀. Ẹtu ni olórí ìránṣẹ́, abo ẹran tí ẹsẹ̀ rẹ̀ yá, tí ojú rẹ̀ sì ń rí ohun tí ẹnu rẹ̀ kì í tètè sọ.

Òfin tó di ìlú náà mú kò ju ọ̀kan lọ. Ẹni tó bá kúnlẹ̀ kí ẹni tó jù ú lọ kò gbọdọ̀ sọ̀rọ̀, kò gbọdọ̀ gbójú sókè, kò sì gbọdọ̀ dìde, àfi tí ẹni tó ń kí bá sọ pé, "Dìde, a ti gbọ́." Takọtabo ló ń kúnlẹ̀, nítorí ẹran ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin tó bá ní òun ń dọ̀bálẹ̀, ẹni tó ń wò ó á rò pé ó kú ni. Òfin rere ni lọ́jọ́ tí wọ́n ṣe é. Láyé Baba Ńlá tó tẹ ìlú dó, ìránṣẹ́ kan já ọ̀rọ̀ gbà lẹ́nu ọba ìlú mìíràn, ogun sì tibẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Láti ìgbà náà ni wọ́n ti ń fi ìkúnlẹ̀ ra àlàáfíà. Ayé ń yí, òfin náà kò yí. Aṣọ tí wọ́n dá fún ọmọ ọwọ́, wọ́n ní kí àgbàlagbà máa wọ̀ ọ́ lọ bẹ́ẹ̀.

Òkìtì kò ní omi. Bí ọ̀gbẹlẹ̀ bá dé, Ìlú Odò tó wà nísàlẹ̀ ni gbogbo wọn ń gbójú lé. Àwọn ará Odò kì í fi omi du ẹnikẹ́ni, ṣùgbọ́n ibú kan ṣoṣo ni wọ́n ń ṣí fún àlejò lójúmọ́. Èyí tí wọ́n ṣí lánàá lè jẹ́ èyí tí àwọn ọ̀nì ń bá ara wọn jà sí lónìí. Nítorí náà, ìránṣẹ́ Òkìtì á sọ̀kalẹ̀ láàárọ̀, á kúnlẹ̀ lẹ́nubodè. Ọ̀nì arúgbó tó ń ṣọ́ ẹnubodè á ní, "Dìde, a ti gbọ́." Ìránṣẹ́ á béèrè ibú tí wọ́n ṣí, á sáré gòkè padà, gbogbo agbo á sì tẹ̀lé e lọ mu omi. Báyìí ni wọ́n ṣe ń ṣe é, tí òùngbẹ kò fi pa wọ́n.

Ní ọdún kan, iṣẹ́ kan Èkùlù, àbúrò Ẹtu, ẹni tí Ẹtu fi ẹkún àti ewéko tọ́ dàgbà lẹ́yìn ikú ìyá wọn. Ó sọ̀kalẹ̀ láàárọ̀. Oòrùn kan àtàrí, kò dé. Oòrùn wọ̀, kò dé. Wọ́n rán Ìrá lọ wò ó. Ìrá náà lọ, ó di àwátì.

Ẹfọ̀n pe ìgbìmọ̀ jọ. "Ẹ̀yin olóyè," ni ó wí, "ọ̀fun mi gbẹ bí igbá tó wà lórí àjà. Ìránṣẹ́ wa kò dé. Kí ló bàjẹ́?"

Òòrẹ̀ dìde, gbogbo ẹ̀gún ara rẹ̀ sì ń dún ṣàkà-ṣàkà. "Kábíyèsí, kò sí ohun tó bàjẹ́ lára òfin. Orúnkún àwọn ìránṣẹ́ ló rọ̀. Wọ́n kúnlẹ̀, ó dùn wọ́n, wọ́n bá sá wọ igbó. Ẹ jẹ́ kí a di koríko mọ́ orúnkún ẹni tí a ó rán báyìí, kí ó lè kúnlẹ̀ pẹ́."

Gbogbo ìgbìmọ̀ mi orí, wọ́n ní ọ̀rọ̀ ọgbọ́n nìyẹn. Wọ́n di koríko mọ́ orúnkún Ìmàdò bí ẹni di òṣùká, wọ́n sì kéde kárí ìlú pé a ti tún un ṣe. Ìmàdò lọ, kò bọ̀. Wọ́n tún ìpàdé ṣe, wọ́n ní bóyá wọ́n ń pè wọ́n, etí wọn ló di. Wọ́n fi ìyẹ́ ro etí ẹni tó kàn, wọ́n tún kéde pé a ti tún un ṣe. Òun náà lọ, kò bọ̀. Níkẹyìn wọ́n yan alábòójútó kan pé kó lọ ṣọ́ àwọn ìránṣẹ́. Ṣùgbọ́n alábòójútó náà ní láti kí ẹnubodè kí ó tó ṣọ́ ẹnikẹ́ni, ó sì kúnlẹ̀. Ni ẹni tó lọ bójú tó wọn bá di ẹni à ń wá ojú rẹ̀. Gbogbo ìgbà yìí, àwọn ìyá ń fi ahọ́n lá àpáta fún ìrì òwúrọ̀, àwọn ọmọ sì ń kú.

Ẹtu kò lè sùn, kò lè jókòó. Ó fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ sọ̀kalẹ̀. Olóyè ni, òfin sì gbà fún olóyè kó dúró lókèèrè wo ẹnubodè ẹlòmíràn láìkúnlẹ̀, ṣùgbọ́n ìránṣẹ́ tó kúnlẹ̀ nìkan ló lè béèrè ibú. Ó rí wọn. Wọ́n tò lọ bẹẹrẹ níwájú ẹnubodè, orí nílẹ̀, koríko lórúnkún, etí mímọ́ tónítóní. Èkùlù ló wà níwájú. Ihà rẹ̀ ṣeé kà.

Ọ̀nì arúgbó kò sí lórí àpáta mọ́. Akàn ló wà níbẹ̀, ó ń fi ẹ̀mú ọwọ́ rẹ̀ họ ikùn.

"Ìyá, ẹ kú ìrìn o," ni Akàn wí. "Ṣé ẹ̀yin lẹ ni àwọn ère yìí? Wọ́n ti dí wa lọ́nà."

"Wọn kì í ṣe ère, ọmọ mi. Ìránṣẹ́ Òkìtì ni wọ́n. Baba Ọ̀nì ńkọ́?"

"Baba ti sùn láti ìgbà òjò. Èmi ló kàn. Láràárọ̀ ni mo ń bi wọ́n pé, kí lẹ fẹ́? Wọn ò fọhùn. Mo tún bi wọ́n, wọ́n tún tẹrí mọ́lẹ̀ sí i. Mo bá dá ẹni tó wà lẹ́yìn wọn lóhùn. Ṣebí ẹni tó bá fẹ́ nǹkan a máa sọ̀rọ̀?"

"Jọ̀wọ́, ṣáà ti sọ fún wọn pé kí wọ́n dìde."

Akàn bú sẹ́rìn-ín. "Ìyá, èmi ò ní kí ẹnikẹ́ni kúnlẹ̀, báwo ni mo ṣe fẹ́ ní kí ó dìde? Ẹ mọ̀ pé bí a ṣe ń ṣe é nílé wa, èèwọ̀ ibòmíràn ni. Níbí, ẹni tó bá ń ní kí ará ìlú dìde, ọba ló ń pe ara rẹ̀. Ẹ sì mọ ibi tí wọ́n ń sọ akàn tó bá gbéraga sí. Inú ìkòkò ọbẹ̀ ni."

Ẹtu sún mọ́ àbúrò rẹ̀. "Èkùlù, èmi ni. Dìde." Èkùlù mi orí. Kì í ṣe Ẹtu ló kúnlẹ̀ fún. Ẹtu ki ewé bọ odò, ó gbé e sí i lẹ́nu. Èkùlù yọ ahọ́n díẹ̀, ó lá a bí ẹni tó ń jalè, ó sì tún tẹrí mọ́lẹ̀. Ẹtu fi omi kan gbogbo wọn lẹ́nu bẹ́ẹ̀, ó gòkè lọ pẹ̀lú ìbínú.

"Kábíyèsí," ni ó wí níwájú ìgbìmọ̀, "bí a bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, à á fi tọmọ jẹ́ ẹ. Iṣẹ́ ọmọ la rán àwọn ọmọ wa, òfin wa ló ní kí wọ́n fi tẹrú jẹ́ ẹ. Ẹni tó ń sọ pé 'dìde' ti kú. Ẹni tó rọ́pò rẹ̀ ń béèrè ohun tí a fẹ́, a ò lẹ́nu láti dáhùn. Ẹ jẹ́ kí a fi gbólóhùn kan kún òfin: bí wọ́n bá ti bi ìránṣẹ́ pé kí ló fẹ́, kí ó dìde kó sọ ọ́."

Òòrẹ̀ fẹ ẹ̀gún. "Òrùlé àtijọ́ ni òfin yìí, Kábíyèsí. Igi kan tí ẹ bá fà yọ níbẹ̀, ẹ ò mọ èyí tó máa wó lé wa lórí. Lónìí wọ́n á dìde lẹ́nubodè Odò láìjẹ́ pé ẹnì kan ní kí wọ́n dìde." Ó wo ojú Ẹfọ̀n. "Lọ́la, ẹ máa wo iwájú ìtẹ́ yín."

Ẹfọ̀n gbé itọ́ tí kò sí mì. "Ẹtu, òfin kò ní yí. Ṣùgbọ́n omi gbọ́dọ̀ dé. Wá nǹkan ṣe sí i."

Bí ó bá jẹ́ pé Ẹtu takú ní ọjọ́ náà, ìtàn yìí ì bá má gùn tó báyìí. Ṣùgbọ́n ihà Èkùlù ń bẹ lójú rẹ̀. Ó lọ bá Odídẹrẹ́, tó ti ń gbé lórí igi ẹnubodè Odò láti kékeré.

"Ṣé o ṣì rántí ohùn Baba Ọ̀nì?"

Odídẹrẹ́ ṣẹ́jú. "Dìde, a ti gbọ́," ni ó wí, ó dún hìn-ìn bí ẹni pé òkú jí nínú ẹrẹ̀. Ara Ẹtu bù mọ́ ọn. "Kí lẹ ó máa fún mi, ìyá àgbà?"

"Ẹyìn tó pọ́n, bí o bá ṣe lè jẹ tó."

"Ẹ wo ẹnu mi. Iṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀."

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, ohùn kan ti inú ewé wá: "Dìde, a ti gbọ́." Gbogbo wọn dìde lẹ́ẹ̀kan náà. Èkùlù béèrè ibú, Akàn dá a lóhùn pẹ̀lú ìyanu pé ère lè fọhùn, Èkùlù sì fi ẹsẹ̀ títiro gòkè. Agbo mu omi. Wọ́n gbé Òòrẹ̀ sókè lórí ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀, nítorí kò ṣeé gbé lọ́wọ́. "Ṣé ẹ rí i?" ni Òòrẹ̀ ń wí. "Òfin kò ṣẹ̀ rí!"

Èkùlù ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ohùn Baba Ọ̀nì ṣì le bíi ti tẹ́lẹ̀."

Ẹtu ní, "Ó le, àbúrò mi." Ọ̀rọ̀ náà kò sì dùn lẹ́nu rẹ̀.

Ohun tó bá ti ṣiṣẹ́, ìlú kì í bi í léèrè ilé rẹ̀. Ọ̀gbẹlẹ̀ náà ti fọ́ ọ̀fun Ẹfọ̀n, ohùn rẹ̀ há. Ó pe Ẹtu sí kọ̀rọ̀. "Ẹni tó wà lórí igi yẹn, ṣé ó lè ṣe tèmi?" Kò pẹ́ tí Odídẹrẹ́ fi ń ṣe ti ẹnubodè láàárọ̀, tó ń ṣe ti ààfin nírọ̀lẹ́. Ará ìlú á kúnlẹ̀, ohùn Ẹfọ̀n ìgbà èwe á ti inú òrùlé jáde pé, "Ẹ dìde, a ti gbọ́." Wọ́n ní Kábíyèsí ń rèwe. Wọ́n fi Odídẹrẹ́ joyè. Kò sẹ́ni tó mọ iṣẹ́ oyè náà, ṣùgbọ́n gbogbo wọn ń kí i.

Ọ̀gbẹlẹ̀ mìíràn dé, ó burú ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ó bọ́ sí ìgbà tí ẹyìn pọ́n ní igbó òkè odò. Odídẹrẹ́ gbọ́ òórùn rẹ̀, ó na ìyẹ́, ó lọ. Ẹyẹ ni, ta ni yóò bá a wí?

Oòrùn ti ga, Èkùlù kò dé. Ẹtu mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ kí ó tó dé ibẹ̀. Ó bá a lórí ìkúnlẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ mọ́ etí rẹ̀.

"Èkùlù, gbọ́ mi. Baba Ọ̀nì ti kú tipẹ́. Odídẹrẹ́ ló ń gbé ọ dìde. Èmi ni mo fi í síbẹ̀."

Èjìká Èkùlù bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Ẹtu rò pé ẹkún ni, àṣé ẹ̀rín ni. Ó dìde fúnra rẹ̀, ó gbọn eruku orúnkún. "Ẹ̀gbọ́n mi," ni ó wí, "ẹyẹ lẹ ti ń jẹ́ kí n máa kúnlẹ̀ fún." Ó yíjú sí Akàn. "Omi la fẹ́."

"Ẹ yára o," ni Akàn wí. "Ibú tó wà lábẹ́ igi àfọ̀n ló kù. Bí oòrùn bá wọ̀, a ó sé e, ó di ìgbà òjò."

Wọ́n sáré gòkè. Wọ́n bá gbogbo ìlú níwájú ààfin lórí ìkúnlẹ̀ ìrọ̀lẹ́, orí nílẹ̀. Ẹfọ̀n dúró lókè wọn, ó ń fi ohùn tó há kígbe pé, "Ẹ dìde! Mo ní kí ẹ dìde!" Kò sí ẹni tó mira. Ohùn tí wọ́n mọ̀ kọ́ nìyẹn, òfin kò sì jẹ́ kí wọ́n gbójú sókè wo ẹnu tó ń sọ ọ́. "Èmi ni! Èmi Ẹfọ̀n ni!" Òòrẹ̀ tún tẹrí mọ́lẹ̀ sí i, kí àpẹẹrẹ rere lè wà.

Ọba wo Ẹtu, ojú rẹ̀ ti pọ́n. "Bá mi sọ fún wọn."

Ẹtu wo oòrùn. Ó gòkè dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọba, ó sọ gbogbo rẹ̀ láìfi ọ̀kan pa mọ́: ikú Ọ̀nì, ẹyẹ orí igi, ohùn inú òrùlé. "Èmi ni mo ṣe é," ni ó wí. "Mo tún ìránṣẹ́ ṣe, mo fi ohun tó bàjẹ́ sílẹ̀. Omi ń bẹ lábẹ́ igi àfọ̀n títí oòrùn yóò fi wọ̀. Èmi ò ní kí ẹnikẹ́ni dìde. Mo ń lọ."

Èkùlù ń lọ láàárín wọn, ó ń fi ìwo ti èjìká ẹni tó mọ̀. Ìyá kan tí ọmọ rẹ̀ kò lè sunkún mọ́ ló kọ́kọ́ dìde. Òmíràn tẹ̀lé e. Nígbà tó yá, ẹsẹ̀ wọn ń ró gìrìgìrì lọ sísàlẹ̀, Ẹfọ̀n fúnra rẹ̀ sì ń sáré láàárín wọn láìsí ẹni tó yà fún un. Òòrẹ̀ nìkan ni kò dìde. Wọ́n pè é, kò dáhùn, nítorí ẹni tó kúnlẹ̀ kì í sọ̀rọ̀. Ẹni tó bá gba ibẹ̀ kọjá títí di òní á rí ẹ̀gún nílẹ̀, tó tò bí ẹni pé ẹnì kan ń ṣọ́ wọn.

Wọ́n bá ibú ní ṣíṣí. Wọ́n mu, wọ́n mu, wọ́n tún mu. Nígbà tí wọ́n nu ẹnu tán, tí ẹ̀mí wọn balẹ̀, ọ̀kan nínú wọn wo Ẹtu, ó sì kúnlẹ̀. Èkejì kúnlẹ̀. Kí a tó ṣẹ́jú, gbogbo agbo ti tò lọ bẹẹrẹ létí omi, orí nílẹ̀, wọ́n ń retí rẹ̀. Ẹfọ̀n náà wà níbẹ̀.

Akàn yọjú láti inú ihò. "Kí lẹ tún fẹ́?" Wọ́n tún tẹrí mọ́lẹ̀ sí i.

"Ẹ̀gbọ́n mi," ni Èkùlù wí, "ẹ dá wọn lóhùn."

Ẹtu la ẹnu. Ọ̀rọ̀ náà ti wà lórí ahọ́n rẹ̀, ó sì dùn ju omi lọ. Ó pa ẹnu dé. Ó kọ ẹ̀yìn sí wọn, ó bẹ̀rẹ̀, ó ń mu omi tirẹ̀.

Níkẹyìn, ní ìparí ìlà, ọ̀dọ́ ìmàdò kan tí orúnkún ń dùn gbé ẹsẹ̀ kan sókè díẹ̀, ó sì ń yọ́ ojú wò bóyá ẹnì kan yóò bá a wí.