Lò Ó, Kó O Dá A Padà

...àbí kí n sọ fún un pé mi ò tíì rí Termin, ọjọ́ ìpàdé ní ọ́fíìsì ìgbélùú, gbà? Pé ọ́fíìsì tì? Irọ́. Adéọpẹ́ máa mọ̀. Àbúrò mi ni, ó mọ irọ́ mi láti kékeré.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú o... ṣé ẹ ṣì ń lò mí ni?"

Bó ṣe bi mí nìyẹn lánàá, lórí fóònù. Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Bí ẹni tó wá gba agboòrùn rẹ̀.

Mo ń lò ó. Ọdún kejìlá rèé. Orúkọ rẹ̀ ló wà lẹ́yìn ẹ̀wù eré tó wà nínú báàgì yìí, òun náà ló wà lórí tíkẹ́ẹ̀tì tí mo fi wọ réluwéè ní Berlin láti lọ ṣeré ní Hamburg. Ọjọ́ orí rẹ̀ náà. Ẹni tó wá ń ṣa àwọn ọmọ bésíbọ́ọ̀lù nílé nígbà yẹn ní ẹni tó bá ti lé lógún ọdún kò lè bá òun lọ. Mo ti pé mẹ́rìnlélógún. Adéọpẹ́ ṣì wà ní méjìdínlógún. Màmá wa fa ìwé ọjọ́ ìbí rẹ̀ yọ lábẹ́ ẹní: "Ọmọ ìyá kan náà ni yín. Lò ó, kó o dá a padà."

Dá a padà... Ṣé ìkòkò ni?

Yunifásítì kan ní Hamburg yìí náà ti wá gba Adéọpẹ́ báyìí. Ẹ́ḿbásì Jámánì nílé ní Adéọpẹ́ Bólúwají ti wà ní Jámánì — ọjọ́ ìbí kan náà, ìyá kan náà. Kó wá ṣàlàyé kó tó di ọjọ́ Ẹtì. Tí mi ò bá jẹ́wọ́, àyè rẹ̀ lọ. Tí mo bá sì jẹ́wọ́ — ìwé ìgbélùú mi, ẹgbẹ́ mi, yàrá mi ní Hellersdorf...

Joel, kóòṣì wa: "Ọmọ ọgbọ̀n ọdún! Kí ló ń ṣe orúnkún ẹ bíi ti bàbá mi àgbà?" Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Ta ni mo fẹ́ sọ fún?

Joel náà ló yá mi ní ìwé ìtàn àwọn eléré àtijọ́. Crewdson. Ọkùnrin yẹn kò kúrò lọ́kàn mi. Amẹ́ríkà, 1884. Ó ń lóṣòó lẹ́yìn ẹni tó di igi mú, bíi tèmi, ó ń gba bọ́ọ̀lù mú — láìsí ìbọ̀wọ́. Ọwọ́ lásán. Sáà mẹ́ta, ìka mẹ́rin ṣẹ́. Wọ́n ka gbogbo bọ́ọ̀lù tó mú, wọ́n ka èyí tó bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni wọ́n wá rí i pé alágbẹ̀dẹ ni ẹni tó ń jẹ́ Crewdson gan-an, kò tẹ pápá rí. Ẹni tí wọ́n jọ ń gbé yàrá ló mú orúkọ rẹ̀ lọ. Ta ni ẹni yẹn? Ìwé náà ní: a kò mọ̀.

A kò mọ̀. Pẹ̀lú gbogbo ìka yẹn...

Kí ni mo wá ń bẹ̀rù? Pé màá pàdánù orúkọ tí mo ní níbí? Ta ló ni ín? Táwọn èrò bá pariwo "Adé! Adé!" mo ti nawọ́ sókè. Mi ò kì í rò ó.

Màmá nìkan ló kù tó ń pe orúkọ tèmi. Ó pè láàárọ̀ yìí, kí n tó wọ ọkọ̀, ó rọra ń sọ̀rọ̀ bí ẹni pé ọlọ́pàá wà nínú fóònù. "Láoyè. Láoyè mi, ṣé o ti jẹun?"

Mi ò dáhùn. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni, mo ní...

Hamburg dé. Àwọn èèyàn ń dìde, wọ́n ń gbé ẹrù wọn. Mo jókòó síbẹ̀. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì kọ́. Mo gbọ́ ọ ketekete — mo kàn dákẹ́ ni, mo ń dúró kí Láoyè dá a lóhùn.