Ilẹ̀kùn Tí A Gé Nísàlẹ̀

Káfíńtà náà kúnlẹ̀ sí ẹnu ọ̀nà yàrá, ó na tépù láti ilẹ̀ dé ibi tí ọwọ́ ilẹ̀kùn wà, ó sì rẹ́rìn-ín músẹ́. Ọgbọ̀n íńṣì. Nínú ilé tí gbogbo ayé ń kọ́, ọwọ́ ilẹ̀kùn máa ń ga tó ìgbáròkó àgbàlagbà. Èyí kò ga ju itan lọ. Ẹni tó bá jókòó sórí àga onítáyà yóò kàn na apá, yóò dì í mú, yóò sì ṣílẹ̀kùn fúnra rẹ̀ láìké pe ẹnikẹ́ni.

"Bàbá, mo rí i pé ẹ ti ń rẹ́rìn-ín," ni ejẹ́ǹtì tó mú un wá wo ilé títà náà wí lẹ́yìn rẹ̀. Ọkùnrin tí ọ̀rọ̀ pọ̀ lẹ́nu rẹ̀ ni. Bàtà rẹ̀ ń dán, gbogbo ìgbà ló sì ń fi áńkáṣífì nu yanrìn kúrò lára rẹ̀. "Ṣé mi ò sọ fún yín? Omi téèyàn máa mu ò ní ṣàn kọjá ẹ̀."

"Jẹ́ kí n wọ̀n ọ́n tán ná."

"Ẹ máa wọ̀n ọ́n. Ilé ò lẹ́sẹ̀, kò ní sá."

Ní ṣọ́ọ̀bù, Wọ̀n-Ọ́n-Lẹ́ẹ̀mejì ni àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń pè é, nítorí ó máa ń sọ pé ohun tí ayùn bá ti gé, ẹnu ò lè lẹ̀ ẹ́ pọ̀. Kò sí ọ̀gá tó kọ́ ọ níṣẹ́. Ilẹ̀kùn àlòkù ló máa ń rà, yóò tú u palẹ̀, yóò wo bí igi kan ṣe wọ inú èkejì, yóò sì tún un tò títí yóò fi yé e.

Oṣù mẹ́rìnlá rèé tí àrùn rọpárọsẹ̀ ti gba ẹsẹ̀ ìyàwó rẹ̀. Àjà kẹta ni wọ́n ń gbé, àtẹ̀gùn méjìdínláàádọ́ta láti ilẹ̀. Láti ìgbà náà, ẹ̀ẹ̀mẹrin péré ni obìnrin náà ti dé ìsàlẹ̀, ilé ìwòsàn ló sì ń lọ nígbà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, lẹ́yìn ọkọ rẹ̀ bí ọmọ ọwọ́. Fèrèsé yàrá wọn dojú kọ ògiri ilé kejì. Ó ti mọ gbogbo ibi tí ògiri náà ti sán. Gbogbo ilé ilẹ̀ẹ́lẹ̀ tí káfíńtà rí láàárín ìlú, apá rẹ̀ kò ká a. Nígbà tí wọ́n sọ fún un nípa erékùṣù yìí, tí ọkọ̀ ojú omi ń dé láàárín ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, tí owó ilé ibẹ̀ sì jẹ́ pọ́ọ́kú, ó kọ́kọ́ rò pé wọ́n ń fi òun ṣẹ̀fẹ̀ ni.

Ohun kan ṣoṣo ni ìyàwó rẹ̀ bi í láàárọ̀ kó tó jáde. "Ẹ bá mi wò ó o. Ṣé èèyàn lè rí omi láti orí bẹ́ẹ̀dì?"

Ó dìde, ó lọ bá ìyá onílé ní pálọ̀. Télọ̀ ni ìyá náà tẹ́lẹ̀ rí. Ẹ̀gbẹ́ máṣíìnì ìránṣọ rẹ̀ ló jókòó sí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sí òwú lójú abẹ́rẹ́ rẹ̀ mọ́.

"Ìyá, ẹ má bínú sí mi o. Ṣé mo lè fẹ̀yìn lélẹ̀ díẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì yín?"

Ìyá náà gbójú sókè. "Ó ti pẹ́ tí ọkùnrin ti bi mí nírú ìbéèrè yẹn." Ejẹ́ǹtì bú sẹ́rìn-ín. "Ẹ lọ dùbúlẹ̀, ọmọ mi. Kí ẹ ṣáà bọ́ bàtà."

Ó bọ́ bàtà, ó dùbúlẹ̀. Ìsàlẹ̀ fèrèsé kò ga rárá. Láìgbé orí sókè, ó rí omi láti etí ilẹ̀ dé ibi tí ojú ò lè tó mọ́, ó rí ọkọ̀ ojú omi akẹ́rù kan tó ń lọ jẹ́jẹ́. Láti ojú ọ̀nà dé inú yàrá yìí, kò sí àtẹ̀gùn kan. Ẹnu ọ̀nà fẹ̀ tó fún àga onítáyà. Àfi bí ẹni pé ẹnìkan ti mọ̀ pé ìyàwó rẹ̀ ń bọ̀. Ó yí orí padà lórí ìrọ̀rí kó má bàa sunkún lójú àjèjì, ojú rẹ̀ sì bọ́ sí ìsàlẹ̀ ilẹ̀kùn.

Ìgbà yẹn ló rí i.

Ilẹ̀kùn onípáńẹ́ẹ̀lì máa ń ní igi ìdábùú mẹ́ta: ti òkè, ti àárín, ti ìsàlẹ̀. Ti ìsàlẹ̀ ló máa ń fẹ̀ jù, torí òun ló ń gba ìtapá, òun ló ń gba omi ìfọlẹ̀. Igi yẹn kò sí lára ilẹ̀kùn yìí. Wọ́n ti gé e kúrò tòun ti díẹ̀ lára páńẹ́ẹ̀lì, pákó pẹlẹbẹ tó wà láàárín àwọn igi náà, wọ́n kan pákó tẹ́ẹ́rẹ́ kan mọ́ abẹ́ rẹ̀, wọ́n sì fi ọ̀dà bò ó. Ó sáré dìde láìwọ bàtà. Ó wọn ilẹ̀kùn náà láti òkè dé ilẹ̀, ohun tó yẹ kó ti kọ́kọ́ ṣe. Ẹsẹ̀ bàtà mẹ́fà. Ó bọ́ sí yàrá kejì, mẹ́fà. Ó bọ́ sí ilé ìdáná, mẹ́fà náà. Méje ló yẹ kó jẹ́. Kò sẹ́ni tó gbé ọwọ́ ilẹ̀kùn wálẹ̀, kò sẹ́ni tó sọ fèrèsé kalẹ̀. Ilẹ̀ ló gòkè wá bá wọn.

Ọ̀bẹ kì í mú títí kó gbẹ́ èkù ara rẹ̀. Òun tó ń wọn nǹkan lẹ́ẹ̀mejì fún oníbàárà, ohun tó ń wù ú nìkan ló wọ̀n fún ara rẹ̀.

"Ìyá," ó wí jẹ́jẹ́, "ẹ̀ẹ̀melòó lẹ ti gbé ilẹ̀ ilé yìí sókè?"

Ejẹ́ǹtì tètè dá sí i. "Àh-àh, Bàbá! Gbogbo ilé àdúgbò yìí ni wọ́n ń tún ṣe. Àtúnṣe ò ba ilé jẹ́."

"Ìwọ, panu mọ́," ni ìyá náà sọ fún un, kò pariwo. "Ẹ̀ẹ̀mẹta ni. Ọkọ mi ló dà á, bíríkìlà ni. Ọdún méje-méje lomi ń béèrè ilẹ̀ tuntun. Bí a bá ti da sìmẹ́ǹtì sílé tán, ìjọba ìbílẹ̀ á bu yanrìn sójú ọ̀nà, àwa àti ọ̀nà á sì jọ máa gòkè." Ó fi àtàǹpàkò ẹsẹ̀ rẹ̀ kan ilẹ̀. "Ilẹ̀ tí mo bí àwọn ọmọ mi sí ń bẹ lábẹ́ ibi tí ẹ dúró sí yẹn."

"Ìgbà wo lẹ ṣe ti ìkẹta?"

"Ọdún mẹ́rin sẹ́yìn. Kò pé oṣù mẹ́ta lẹ́yìn ẹ̀ tí ọkọ mi kú. Gíga àjà ilé yìí á gba ẹ̀ẹ̀kan sí i. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ máa ní láti tẹ̀ ba kẹ́ ẹ tó wọlé ara yín." Ó wojú rẹ̀. "Ẹ ò bi mí tẹ́lẹ̀ ni. Mo ń wò yín tẹ́ ẹ ń wọn ọwọ́ ilẹ̀kùn, mo ní ọkùnrin yìí mọṣẹ́, á rí i. Ta lẹ fẹ́ mú wá síbí?"

"Ìyàwó mi ni. Kò lè rìn mọ́."

Ìyá náà ń fi ọwọ́ nu ara máṣíìnì tí kò ní eruku.

"Á gbádùn ibí," ó wí níkẹyìn. "Irọ́ kọ́. Ṣùgbọ́n lálẹ́ tómi bá wọlé, orí tábìlì la máa ń gùn, ọmọ mi. A máa ń dúró síbẹ̀ ni títí á fi fà." Ó ní òun á dúró dè é di ọjọ́ kẹta, kó lọ rò ó.

Nínú ọkọ̀ tó gbé e padà, káfíńtà ti pinnu láti parọ́. Yóò sọ pé wọ́n ti ta ilé náà fún ẹlòmíràn. Ó dán gbólóhùn náà wò lábẹ́ ẹnu títí ó fi dán bíi pákó tí a fá. Oòrùn kò tíì wọ̀ nígbà tó gun àtẹ̀gùn dé òkè.

"Káfíńtà, ẹ kú ìrìn," ni ìyàwó rẹ̀ kí i. "Ṣé omi hàn?"

"Ó hàn," ni ẹnu rẹ̀ sọ. "Gbogbo ẹ̀."

"Ẹ dùbúlẹ̀ wò ó?"

"Mo dùbúlẹ̀."

"Lórí bẹ́ẹ̀dì ẹni ẹlẹ́ni!" Ó fi apá kan ẹnu rẹ̀ tó ṣì lè rẹ́rìn-ín rẹ́rìn-ín. "Mo mọ̀ pé bẹ́ẹ̀ lẹ máa ṣe."

Lẹ́yìn ẹ̀rín yẹn, irọ́ náà kò gba ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀ jáde mọ́. Ó rò fún un bí ó ti rí: ọwọ́ ilẹ̀kùn, fèrèsé, pákó tẹ́ẹ́rẹ́ abẹ́ ilẹ̀kùn, sìmẹ́ǹtì ẹ̀ẹ̀mẹta, tábìlì. Ìyàwó rẹ̀ ń gbọ́, ó ń bi í léèrè bí wọ́n ṣe gé e, ó ní ṣé igi náà dára.

"Ó ku ọdún mélòó fún ilé yẹn?"

"Mẹ́ta. Bí mo bá gbé ilẹ̀ ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i, méje mìíràn. Mẹ́wàá, bí omi bá gbà fún wa."

"Mẹ́wàá." Ó tún un sọ bí ẹni ń tọ́ nǹkan wò. "Ìyẹn pọ̀ fún mi."

"Kí lò ń sọ yìí?"

"Ẹ gbọ́ mi ná. Èmi kọ́ ni mo ń rò, ẹ̀yin ni. Lọ́jọ́ tí omi bá máa gba ilé yẹn, ẹ̀yin nìkan ló máa bá nínú ẹ̀."

Káfíńtà la ẹnu láti bá a wí, bí a ti ń bá aláìsàn wí, kó ní kò ní rí bẹ́ẹ̀. Ó fọwọ́ kan tépù inú àpò rẹ̀. Láti àárọ̀, gbogbo ìbú àti gíga tó wọ̀n, èèyàn méjì ló ń wọ̀n ọ́n fún.

"Ẹ má tíì dá ìyá yẹn lóhùn," ni obìnrin náà wí. "Ẹ gbé mi lọ síbẹ̀ ná. Kí n fojú ara mi wò ó, bá a rà á, bá ò rà á."

Ilé mọ́kànlá ni káfíńtà ti lọ wò láàárín oṣù mẹ́rìnlá. Kò bi ìyàwó rẹ̀ rí lẹ́ẹ̀kan bóyá ó fẹ́ bá òun lọ. Àtẹ̀gùn ló máa ń dá lẹ́bi nínú ọkàn rẹ̀.

"Lọ́la," ó wí. "Bí òjò ò bá rọ̀."

"Bó rọ̀ náà ńkọ́? Ṣé iyọ̀ ni mí?"

Ó tẹ̀ ba láti gbé e sórí àga, bí ó ti ń ṣe ní ìrọ̀lẹ́ gbogbo. Ó ki apá kan bọ abẹ́ orúnkún rẹ̀, ó ki èkejì bọ ẹ̀yìn rẹ̀, ó sì gbé e. Ọgbọ̀n ọdún ló ti ń fi èjìká ru pákó. Ó mọ bí igi tútù ṣe ń wúwo, àti bí ó ṣe ń fúyẹ́ díẹ̀díẹ̀ bí ó bá ti ń gbẹ, tó bẹ́ẹ̀ tí ẹni tó ń gbé e lójoojúmọ́ kì í tètè fura. Ó dúró láàárín yàrá pẹ̀lú ìyàwó rẹ̀ lápá, ó ń wọn bó ti fúyẹ́ tó.

"Kí ló dé? Ṣé mo wúwo ni?"

"Rárá," ó wí, kò sì gbé e kalẹ̀.