Wákàtí Kan Láàárín Ìyá àti Ọmọ

"Ibẹ̀ ò lè pupa tó báyẹn!" Ohùn ọmọ ń dún látinú kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi ń ṣèpàdé. "Ẹ jọ̀ọ́, Alága, ẹ tún ẹnubodè yẹn wò."

Alága yìí ló bí i. Ó fa àga sún mọ́ tábìlì, àga sì ké lábẹ́ ìdí rẹ̀ tí kì í ṣe kékeré. Òun ló ń kó iṣẹ́ àwọn onímọ̀ ìmìtìtì ilẹ̀ láti orílẹ̀-èdè márùn-ún pọ̀ sójú máàpù kan ṣoṣo. Ọmọ rẹ̀ ló ń ṣe olórí àwọn ti òdìkejì ẹnubodè. Bí ilẹ̀ bá ṣe ń mì tó níbì kan ni ibẹ̀ ṣe ń pupa tó. Ẹ̀gbẹ́ ti ìyá pupa yòò, ti ọmọ tutù bí ewé. Oṣù mẹ́ta ni wọ́n ti ń fà á. Àwọn ará ìlú ẹnubodè ò sì lè fi ìpìlẹ̀ ilé ìwòsàn wọn lélẹ̀ títí máàpù yóò fi jáde.

"Ìmìtìtì méjìlá la kà," ìyá wí.

"Mẹ́fà ni, mà. Àná ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ rí i. Ẹ da ìwé wa pọ̀ mọ́ tiyín, bẹ́ẹ̀ aago wa fi wákàtí kan ṣáájú. Èyí tẹ́ ẹ kọ ní aago méjì, àwa kọ ọ́ ní mẹ́ta. Ilẹ̀ mì lẹ́ẹ̀kan, ẹ kà á lẹ́ẹ̀mejì."

Ìyá fi ìka tọ ìwé. Ọjọ́ kan náà, ìṣẹ́jú kan náà. Ẹ̀rín pa á.

"Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n lẹ́nu iṣẹ́, mi ò mọ aago wò! Ẹ máa fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ o, ó tọ́ sí mi."

"Àbí ká kúkú pàdé lójúkojú, ká jọ tún un kà?" Bàbá arúgbó kan láti orílẹ̀-èdè etí òkun ló dá a lábàá. "Ọ̀dọ̀ yín náà la ó wá, lóṣù tó ń bọ̀."

Ó wu ìyá gan-an. Ọmọ yóò wọ bọ́ọ̀sì wá, yóò sùn ní yàrá rẹ̀ àtijọ́ odidi ọjọ́ mẹ́ta. Ọdún kẹrin rèé tí wọ́n ti fojú kanra kẹ́yìn. Bí òun bá ṣe agídí díẹ̀ sí i, ta ni yóò mọ̀? Ṣùgbọ́n àwọn ará ẹnubodè ń kọ́? Títí di ìgbà wo ni aláboyún yóò máa gun ọ̀kadà lọ sílùú míì?

"Rárá," ó ní. "Òótọ́ lọmọ yẹn sọ. Mo fọwọ́ sí i."

Wọ́n dágbére. Ojú àwọn èèyàn ń pòórá lọ́kọ̀ọ̀kan títí ó fi ku ti ọmọ nìkan.

"Màámi, ṣé inú ń bí yín ni?"

"Inú wo? Àárò rẹ ló ń sọ mí." Ó sún mọ́ kọ̀ǹpútà. "Máa bọ̀ nílé. Mi ò ní iṣẹ́ kankan tí mo fẹ́ fi tàn ọ́ wá."

"Bẹ́ẹ̀dì mi ṣì wà?"

"Òkúta ló sùn sí i. Àpótí mẹ́jọ."

"Màámi! Òkúta, lórí bẹ́ẹ̀dì mi?"

"Àwọn ò kúkú fi mí sílẹ̀ lọ."

Ọmọ rẹ́rìn-ín, ó fọwọ́ nu ojú. "Ẹ kó wọn kúrò."

Ìyá ò dúró gbọ́ èyí tó kù. Ó di etí tábìlì mú, ó gbé ara ńlá náà dìde, ó sì forí lé yàrá ọmọ láti kó òkúta.