Iṣẹ́ Àgbà Tí A Kò Yẹ̀ Wò

"Mo sọ fún un pé kó dúró." Bọ̀dá Owólabí na ìka sí Olúṣẹ̀yẹ lójú gbogbo èèyàn. "Mo ní, 'Ṣẹ̀yẹ, nọ́ọ̀tì yẹn ò tíì ní píìnì o, jẹ́ kí n lọ wá a ní sítọ́ọ̀.' Kí n tó padà dé, ó ti ní kí wọ́n máa wa bàálù lọ."

Olúṣẹ̀yẹ kọ́kọ́ rò pé Ṣẹ̀yẹ mìíràn ló ń sọ. Ó tilẹ̀ bojú wẹ̀yìn. Ògiri ló bá níbẹ̀, òun nìkan náà sì ni Ṣẹ̀yẹ tó wà nínú yàrá náà.

Ìgbìmọ̀ tó ń wádìí jàǹbá bàálù ló jókòó ní Ìkẹjà lọ́jọ́ yẹn. Bàálù kékeré kan ló ń balẹ̀ ní pápákọ̀ kan lókè Ọya, bí ẹsẹ̀ rẹ̀ òsì ṣe kanlẹ̀ báyìí, ó ká, bàálù sì fi àyà wọ́lẹ̀ wọnú igbó. Ọ̀pọ̀ fara pa. Obìnrin kan, tíṣà ni, kú. Ọkọ rẹ̀ wà ní ìlà iwájú nínú yàrá náà, ó dé fìlà funfun, ó sì gbé ọwọ́ méjèèjì lé orúnkún. Ìgbìmọ̀ ti rí ohun tó fà á. Kì í ṣe ìjì, kì í ṣe awakọ̀. Nọ́ọ̀tì kan ló tú lẹ́yìn ẹsẹ̀ òsì yẹn, nítorí pé píìnì kékeré tí wọ́n máa ń kì bọ̀ ọ́ kó má baà tú kò sí níbẹ̀. Ohun tó kù ni pé kí wọ́n mọ ẹni tí ẹ̀bi wà lọ́wọ́ rẹ̀: ẹni tó ṣiṣẹ́ náà ni, àbí ẹni tó yẹ kó yẹ̀ ẹ́ wò kó tó ní kí bàálù gbéra?

Bọ̀dá Owólabí ló ṣiṣẹ́ náà. Olúṣẹ̀yẹ ló ní kí bàálù gbéra.

Gẹ̀ẹ́sì ni Bọ̀dá Owólabí fi sọ ọ̀rọ̀ rẹ̀, Gẹ̀ẹ́sì tó gún régé, bẹ́ẹ̀ ẹni tó máa ń fi Yorùbá bú sípánà nínú háńgà tí wọ́n ti ń tún bàálù ṣe ni. Ó hàn gbangba pé ó ti fi kọ́ra nílé. Ìyẹn dun Olúṣẹ̀yẹ ju irọ́ náà lọ.

"Ọ̀gbẹ́ni Gbádégẹṣin," ni alága wí, "ṣé bẹ́ẹ̀ ló ṣe rí?"

Olúṣẹ̀yẹ dìde. Ó wo Bọ̀dá Owólabí, Bọ̀dá Owólabí ń wo fáànù òkè. Ó wo bàbá onífìlà funfun, ìyẹn tẹjú mọ́ ọn.

"Rárá, sà," ló rí sọ. Alága ní kó lọ fara balẹ̀, pé òun ló máa kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kejì.

Nígbà tí wọ́n jáde, Bọ̀dá Owólabí ti ṣí ilẹ̀kùn mọ́tò Fọ́kísíwágìn rẹ̀ sílẹ̀. "Ṣẹ̀yẹ, wọlé ká máa lọ jàre. Mo ṣèlérí fún ìyàwó ẹ pé màá wá wo sílíńdà gáàsì tó ń jò yẹn."

Ẹ ò rí ayé! Ẹni tó ti èèyàn sí kànga tún dúró létí kànga, ó ń bi í bóyá ebi ń pa á. Mọ́tò kan náà ni wọ́n jọ wọ̀ wá láàárọ̀. Inú rẹ̀ ni wọ́n ti jọ jẹ búrẹ́dì àti àkàrà tí Rosaline, ìyàwó Olúṣẹ̀yẹ, dì fún àwọn méjèèjì. Bọ̀dá Owólabí ló ń tù ú nínú lọ́nà, tó ní kó má bẹ̀rù, òótọ́ làwọn máa sọ.

"Mo fẹ́ fẹsẹ̀ rìn, Bọ̀dá."

"Láti Ìkẹjà dé Fẹ́sítáàkì?"

Olúṣẹ̀yẹ ti kọ ẹ̀yìn sí i. Ó rìn títí ó fi bá bọ́ọ̀sì tó ń lọ sí Máìlì Tú, ó wọ̀ ọ́, ó gbé orí ti fèrèsé.

Bí ikú ilé ò bá pani, tòde ò lè pani. Olúṣẹ̀yẹ ti ń gbọ́ òwe yìí láti kékeré, àfi bíi pé àwọn orogún nìkan ló wà fún. Nígbà tó ti Ìkìrun wá sí Èkó pẹ̀lú báàgì kan, yàrá kan ṣoṣo tí Bọ̀dá Owólabí, ọmọ Ìkìrun bíi tirẹ̀, ń gbé ní Múṣin ló balẹ̀ sí. Bọ̀dá ló mú un wọ háńgà, tó kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń di sípánà mú. Nígbà tí ilé iṣẹ́ fẹ́ rán èèyàn lọ gbàwé àṣẹ nílùú òyìnbó, Olúṣẹ̀yẹ ni wọ́n mú, ó sì padà dé gẹ́gẹ́ bí ẹni tí yóò máa yẹ iṣẹ́ àwọn tó kù wò. Bọ̀dá Owólabí wà lára àwọn tó kù náà. Kò jowú o, ńṣe ló ń fi í yangàn: "Àbúrò mi nìyẹn!" Nígbà tí ìjọba sì ń fi ìbò pín ilé Fẹ́sítáàkì lẹ́yìn àjọ̀dún àṣà tí wọ́n torí rẹ̀ kọ́ ọ, àwọn méjèèjì jọ forúkọ sílẹ̀, orí bá wọn ṣe é, òpópónà kékeré kan náà, tí wọ́n ń pè ní klósì, ni wọ́n bọ́ sí. Bọ̀dá ló bá wọn gbé bẹ́ẹ̀dì gun àtẹ̀gùn. Òun náà ló fi mọ́tò gbé Rosaline lọ sílé ìwòsàn lọ́jọ́ tó bí Ọlábùnmí.

Kí ni Olúṣẹ̀yẹ ì bá ti ṣe lọ́jọ́ tí wọ́n tún ẹsẹ̀ bàálù yẹn ṣe? Ibi tí nọ́ọ̀tì náà wà sápamọ́. Ẹni tó bá fẹ́ rí i, àfi kó fẹ̀yìn lélẹ̀ lábẹ́ bàálù, kó tan tọ́ọ̀ṣì sí i. Olúṣẹ̀yẹ ti mú tọ́ọ̀ṣì, ó ti ń bẹ̀rẹ̀. Àwọn méjèèjì nìkan ló wà níbẹ̀. Bọ̀dá Owólabí ń fi àkísà nu ọwọ́.

"Mo ti táìtì ẹ̀," ló wí. "Ó ti le."

Nígbà tó rí i pé Olúṣẹ̀yẹ ṣì bẹ̀rẹ̀ síbẹ̀, ó bú sẹ́rìn-ín. "Ṣẹ̀yẹ, ṣé iṣẹ́ ọwọ́ mi lo fẹ́ yẹ̀ wò? Èmi tí mo kọ́ ẹ?"

Ojú ti Olúṣẹ̀yẹ. Ta ni yóò sùn sílẹ̀, tí yóò máa wá àṣìṣe kiri lẹ́yìn ẹni tó fún un lóúnjẹ nígbà tí kò ní? Ó ní, "Ẹ má bínú, Bọ̀dá." Ó ki tọ́ọ̀ṣì bọ àpò, ó sì ní kí wọ́n máa wa bàálù lọ. Ẹ̀bi tirẹ̀ nìyẹn, kò sì sẹ́ ẹ. Láti ọjọ́ tí ìròyìn ikú obìnrin náà ti dé ni oorun ò ti kún ojú rẹ̀ mọ́. Ṣùgbọ́n ta ló ní kó dúró? Ta ló lọ sí sítọ́ọ̀?

Rosaline ti ṣí gbogbo fèrèsé ilé sílẹ̀ nítorí òórùn gáàsì. "Bàbá Bùnmí, ẹ káàbọ̀. Bọ̀dá ńkọ́?"

Olúṣẹ̀yẹ sọ gbogbo rẹ̀ fún un lórí ìdúró. Nígbà tó parí, Rosaline jókòó sórí àpótí.

"Bọ̀dá wa?"

"Bọ̀dá wa."

"Wọ́n ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Tó bá wá jẹ́ pé àgbà gan-an ló wọ́ ọ ńkọ́?" Ó fi etí ìró nu ojú. "Kí ni wọ́n máa ṣe fún yín?"

"Wọ́n á gba ìwé àṣẹ mi. Wọ́n á ní èmi ni mo pa obìnrin yẹn."

"Ẹ sọ tẹnu yín fún wọn lọ́la."

"Pé àgbàlagbà parọ́? Bí mo bá dákẹ́, mo di apànìyàn. Bí mo bá sọ̀rọ̀, mo di aláìmoore. Gbogbo Ìkìrun ló mọ ohun tí wọ́n ṣe fún mi, Rosaline."

Ilẹ̀ ò tíì ṣú tán nígbà tí Bọ̀dá Owólabí kan ilẹ̀kùn, òun àti sípánà rẹ̀. Rosaline kúnlẹ̀. Olúṣẹ̀yẹ náà bá ara rẹ̀ lórí ìdọ̀bálẹ̀ kó tó rántí pé òun ń bínú. Bọ̀dá kọjá lọ tààrà sí kíṣíìnì, níbi tí sílíńdà wà lábẹ́ tábìlì, tí ẹnu rẹ̀ kọjú sí ògiri. Ó bẹ̀rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣiṣẹ́.

"O ń bínú, ó sì tọ́ kí o bínú," ló wí láìbojú wẹ̀yìn. "Mo gbàgbé ni, Ṣẹ̀yẹ. Mi ò rí píìnì nítòsí lọ́jọ́ yẹn, mo ní tí mo bá jẹun tán màá lọ mú un. Ó sì bọ́ lórí mi. Mo fi Ọlọ́run búra."

"Ẹ mọ̀ pé ẹ gbàgbé, ẹ wá ní ẹ sọ fún mi?"

"Kí ni kí n sọ? Ọdún tó ń bọ̀ ni mo máa fẹ̀yìn tì. Àpèkẹ́ ọmọ mi ṣì wà ní yunifásítì. Tí wọ́n bá lé mi báyìí, mo tán nìyẹn. Ìwọ, ọmọdé ni ẹ́, o kàwé. Wọ́n lè dá ẹ dúró fúngbà díẹ̀, wàá tún ríṣẹ́. Ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ, tàgbàlagbà ò wọ kèrègbè. Bá mi gbé e, Ṣẹ̀yẹ."

"Ẹ̀ bá ti bẹ̀ mí láàárọ̀."

Sípánà dúró.

"Nínú mọ́tò." Olúṣẹ̀yẹ sún mọ́ ọn. "Nígbà tí a jọ ń jẹ búrẹ́dì. Ẹ̀ bá ní, 'Ṣẹ̀yẹ, bá mi gbé e.' Bóyá mi ò ní gbà, Bọ̀dá, ṣùgbọ́n ẹ̀ bá bẹ̀ mí. Ẹ jẹ búrẹ́dì wa tán, ẹ wá lọ dà mí lójú gbogbo èèyàn."

Bọ̀dá Owólabí yí sípánà lẹ́ẹ̀kan sí i, ó dìde, ó mú àkísà tó wà lójú fèrèsé, ó fi nu ọwọ́.

"Mo ti táìtì ẹ̀," ló wí fún Rosaline. "Ó ti le."

Ọ̀rọ̀ kan náà, ohùn kan náà. Bóyá òun fúnra rẹ̀ ò tilẹ̀ gbọ́ ohun tó sọ. Rosaline mú ìṣáná.

"Dúró ná," ni Olúṣẹ̀yẹ wí.

Ó po ọṣẹ mọ́ omi nínú abọ́ títí ó fi hó. Ó wọ yàrá, ó mú tọ́ọ̀ṣì rẹ̀ jáde.

"Ṣẹ̀yẹ," ni Bọ̀dá Owólabí wí, "kí lò ń ṣe yẹn?"

Olúṣẹ̀yẹ ò dáhùn. Ó fẹ̀yìn lélẹ̀ gbalaja síwájú ẹsẹ̀ àgbà, ó ti orí bọ abẹ́ tábìlì, ó tan tọ́ọ̀ṣì, ó sì fi ìfófòó ọṣẹ náà pa ẹnu sílíńdà yí ká. Ó ń wò ó. Bí afẹ́fẹ́ bá ń jò, ọṣẹ yóò máa hó. Kò mọ èyí tí òun ń fẹ́ nínú kó jò àti kó má jò. Ọṣẹ náà dúró jẹ́ẹ́, kò hó.

"Ó le, Bọ̀dá."

"Mo ṣáà ti sọ fún ẹ."

"Ẹ sọ fún mi." Olúṣẹ̀yẹ dìde. "Lọ́la, màá sọ fún wọn pé mi ò wò ó, pé ẹ̀bi mi nìyẹn. Màá sọ ìdí tí mi ò fi wò ó. Màá sì sọ ohun tí ẹ sọ fún mi lọ́jọ́ náà, àti pé ẹ ò ní kí n dúró, ẹ ò sì lọ sí sítọ́ọ̀ kankan. Ó yẹ kí ọkọ obìnrin yẹn mọ ohun tó pa ìyàwó rẹ̀."

"Wọ́n á lé àwa méjèèjì."

"Kí wọ́n lé wa."

"Èmi ẹ̀gbọ́n ẹ?"

"Ẹ̀gbọ́n mi ni yín, Bọ̀dá. Ìdí tí mi ò fi wò ó nìyẹn."

Bọ̀dá Owólabí mú sípánà rẹ̀. Ó dúró díẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà bó ti máa ń ṣe, kí àbúrò rẹ̀ dọ̀bálẹ̀, kó kí i pé ó dàárọ̀. Olúṣẹ̀yẹ kí i lórí ìdúró, tọ́ọ̀ṣì lọ́wọ́. Bọ̀dá mi orí, ó sì ń ti orí àtẹ̀gùn sọ̀ kalẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan.

Rosaline ṣáná. Iná mú lẹ́ẹ̀kan náà, ó ń jó búlúù, kò gbọ̀n, kò rùn. Olúṣẹ̀yẹ wò ó títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ọwọ́ tó mọ iṣẹ́ tó báyìí!