Páì Tí Kò Tètè Dì

Ìyá aránṣọ ṣe páì ṣokoléètì fún ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo, ọmọ náà sì lọ kí páì ọ̀hún tó dì.

Ọdún méjì ni wọn ò fi fojú kan ara wọn, nítorí ọ̀rọ̀ kòbákùngbé tí ìyá sọ sí ọkùnrin tí ọmọ fẹ́. Nígbà tí ọmọ wá tẹ̀ ẹ́ láago pé òun máa yà fún wákàtí kan lọ́jọ́ Sátidé, ìyá ò mọ ẹ̀bẹ̀ í bẹ̀. Páì tí ọmọ fẹ́ràn ní kékeré ló mọ̀ ọ́n ṣe. Kò ní wàhálà: ó lọ bísíkíìtì, ó po bọ́tà yíyọ́ mọ́ ọn, ó tẹ̀ ẹ́ mọ́ ìdí abọ́. Ó lu kírímù títí ó fi wú. Ṣùgbọ́n kò ní sùúrù kí ṣokoléètì tó yọ́ lórí iná tutù. Ó dà á sí i ní gbígbóná, gbogbo rẹ̀ sì ṣàn bí omi. Ó tún òmíràn lù. Kí abọ́ tó wọ fírísà, ọmọ ti ń kanlẹ̀kùn.

"Ẹ káàsán, Màámi."

"Káàbọ̀. Jókòó, mò ń bọ̀."

Ó ṣí fírísà, ó fìka kàn án. Ó ṣì rọ̀. Ó nu tábìlì tó ti mọ́ tẹ́lẹ̀. Ó tún ṣí i.

"Màámi, ẹ jẹ́ ó sinmi. Òtútù ń jáde."

"Ìwọ tó o gbé omi kaná títí ìkòkò fi jó, ìwọ lo fẹ́ kọ́ mi ní fírísà?"

Ọmọ rẹ́rìn-ín. "Ẹ wá jókòó tì mí. Mo ní ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá yín sọ."

Ìyá tún yíjú sí fírísà. Tó bá jókòó, ọ̀rọ̀ ọkùnrin yẹn ni wọ́n máa sọ.

"Ó ku ìṣẹ́jú márùn-ún."

Ẹ̀ẹ̀mẹta ni ọmọ pè é. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló dáhùn láti ìdí fírísà. Nígbà tí ọkọ̀ tó wá gbé ọmọ fọn fèrè níta, ọmọ wọ ilé ìdáná, ó dì mọ́ ọn, ó lọ.

Ọ̀sẹ̀ kejì, àbúrò ìyá pè é lórí fóònù.

"Ọmọ yín ti lóyún oṣù mẹ́ta, ẹ̀gbọ́n mi. Ó wá bẹ̀ yín kí ẹ wá bá òun gbé tó bá bímọ, ẹ ò jókòó gbọ́. Yàrá kan ló ṣẹ́ kù nílé wọn. Wọ́n ti fún ìyá ọkọ rẹ̀."

Nígbà tí ọmọ bímọ, ọwọ́ ìyá ọkọ náà ló kọ́kọ́ gba ìkókó. Fọ́tò ni wọ́n fi ránṣẹ́ sí ìyá aránṣọ.